Gàrí, owó ọjà àti quadratic: èwo nínú ìdáhùn méjì yìí la máa kọ?

Àìná: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi tó wà ní SS2 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kan dé, ó sì ti fẹ́ẹ̀ dìjà láàárín wa. Wọ́n ní iye kóńgò gàrí tí àwọn oníbàárà fẹ́ rà jẹ́ 180 − 6p, iye tí àwọn alágbàtà fẹ́ kó wá sọ́jà sì jẹ́ p² + 4p − 20. p ni owó kóńgò kan, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún náírà. Èló ni ọjà máa fi dọ́gba? Ó rí 10, ó tún rí −20, ó sì ní òun dán −20 wò, ó bọ́ sí i. Èwo ni kó kọ?

Tíṣà Ìṣirò: Ọmọ yẹn gbìyànjú. Ọjà dọ́gba níbi tí ohun tí wọ́n kó wá bá ti ṣe déédéé ohun tí wọ́n fẹ́ rà:
p² + 4p − 20 = 180 − 6p
Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sápá kan, ó di quadratic, ìyẹn ìdọ́gba tí p² wà nínú ẹ̀:
p² + 10p − 200 = 0
(p + 20)(p − 10) = 0
Nítorí náà, p jẹ́ −20 tàbí 10. −20 ò parọ́ o. Ẹ fi sí ìlà méjèèjì, 300 ló máa jáde. Ìṣirò ò mọ̀ pé gàrí là ń tà, àwa la mọ̀.

Ìyá Onígàrí: Ṣé kí n máa san ₦2,000 fún oníbàárà kó tó gbé gàrí mi lọ ni? Mi ò sí ńbẹ̀ 😂

Dàpọ̀ SS3: Àǹtí, kó má kọ ₦10 o! Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n pè é, ₦1,000 ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já máàkì wa. Kó sì fi 10 padà síbẹ̀: 180 − 60 jẹ́ 120 kóńgò, 100 + 40 − 20, 120 náà ni.

Àìná: Ẹ ṣé gan-an. Ó ku apá kejì: bí ìjọba bá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á lábẹ́ ₦1,200 ńkọ́?

Tíṣà Ìṣirò: p ti di 12 nìyẹn, kò sí quadratic tí a fẹ́ yanjú mọ́. Oníbàárà máa ra 180 − 72, ìyẹn 108. Alágbàtà máa kó 144 + 48 − 20 wá, ìyẹn 172. Kóńgò 64 á wà nílẹ̀ láìrí ẹni rà á.

Ìyá Onígàrí: 64! Kílẹ̀ tó ṣú, a ti máa dín owó kù, òfin ò òfin.

Tíṣà Ìṣirò: Ìyẹn gan-an ló ń fa owó padà sí ₦1,000, Ìyá.