Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ náà lórúkọ: lórí àbá "olóòtú agbaṣẹ́ṣe"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ẹni tí ó ń bá àwọn òǹkọ̀wé tún ìwé wọn ṣe, tí kò sì sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan, ní "olóòtú agbaṣẹ́ṣe". Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe bá ìṣe wa mu, nítorí pé ẹni tí ó ni iṣẹ́ ló máa ń gbé e wá, a ó dúnàá dúrà, a ó gbà á, a ó sì ṣe é ní ilé ara wa. Àwọn tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti àwọn tí ń gba iṣẹ́ títì lọ́wọ́ ìjọba gbàgbé pé àgbàṣe ti wà lóko kí iṣẹ́ títì tó dé. "Adáṣẹ́ṣe" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ń sọ pé kò sí ẹni tí ó rán wa níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó rán wa níṣẹ́ ló ń sanwó.

"Olóòtú" gan-an ni n kò lè gbà. Olóòtú ìwé ìròyìn ló ń pinnu ohun tí yóò jáde. Olóòtú ètò orí rédíò ló ń fún ènìyàn láyè láti sọ̀rọ̀. Ti olóòtú ìjọba kò tilẹ̀ ní àsọyé. Àṣẹ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sì sí lọ́wọ́ wa. Bí mo bá ní kí òǹkọ̀wé yí gbólóhùn kan padà, ó lè kọ̀, nítorí òun ló ni ìwé rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí a fi orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ná, kí a sọ iṣẹ́ lórúkọ, nítorí pé orúkọ iṣẹ́ ni a fi ń dá iye owó. Oníbàárà á ní "ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò", nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí a tú orí kẹta palẹ̀, kí a tún un tò. Àtúntò nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ó gbé ìwé ìjọ àtijọ́ wá, tí "aiye", "enia", "nwọn" àti "yio" kún inú rẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí ó bá àkọtọ́, ìyẹn ìlànà kíkọ èdè sílẹ̀, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 mu, àtúnṣe ni ó ń rà. Àyẹ̀wò ni ó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí a bá ti to ojú ìwé tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wò ó: lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀; lẹ́tà "ẹ" ní tirẹ̀, àmì ohùn sì ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Bí ẹni tí ń to ojú ìwé bá lo irú lẹ́tà (fọ́ńtì) mìíràn, àmì lè yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tí ó ni ín, nítorí náà àyẹ̀wò tí a ṣe ṣáájú ìgbà náà kò tó.

Àwọn kan ti ní kí a ka fífi àmì ohùn sí ìwé tí kò ní àmì rárá mọ́ àyẹ̀wò. N kò gbà. Bí òǹkọ̀wé bá kọ "Baba wọn fi ogun silẹ fun wọn", tí baba náà sì jẹ́ jagunjagun, ogún ni àbí ogun? Ẹni tí yóò fi àmì sí i gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e kí ó tó mọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ni yóò sì fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí a pè é ní "ìfàmìsí", kí ó dá dúró, kí a sì fi iye ọ̀rọ̀ ṣírò owó rẹ̀.

Bí a bá gba àtúntò, àtúnṣe, ìfàmìsí àti àyẹ̀wò, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kò ní nira. Bí a ti ní akọ̀wé láti ara kọ̀wé, a lè ní ayẹ̀wéwò fún ẹni tí ń yẹ ìwé wò. "Ìfàmìsí" nìkan ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀ lé tán, nítorí pé ẹlòmíràn lè rò pé àmì ìdánudúró ni mo ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù ú, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.