Ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ní ẹni tó bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ń rí i lówó pọ́ọ́kú. Ìrìn àjò wa ku oṣù mẹ́rin, àwa mẹ́rin la ń lọ, àmọ́ òfo ni ìkànnì wọn. Èyí tó sì wà fún oṣù yìí, ṣe ni owó rẹ̀ ń gòkè. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Wọn ò tíì ṣí i ni. Ní Íńdíà, ọjọ́ 60 ṣáájú ni títà ń bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, àwọn tó ń tún ojú irin ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dí ọ̀nà, kí wọ́n tó lè to àkókò ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ti òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọdún fi máa ń pẹ́ jáde. Ẹ má fi ojoojúmọ́ yọjú síbẹ̀. Ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ tí títà dé sí, bí wọ́n bá sì ń gba ímeèlì láti ta èèyàn lólobó, ẹ fi tiyín sílẹ̀.

Baba Àgbà: Ti owó tó ń gòkè yẹn, ìjókòó díẹ̀ ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún owó kọ̀ọ̀kan. Bí ti ìsàlẹ̀ bá tán, ó di ti òkè. Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀ rèé: bí ìjókòó pọ́ọ́kú bá ku mẹ́ta, tẹ́ ẹ sì wá ti èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìkànnì mìíràn á gba owó òkè lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kọ́kọ́ wo ti ẹnì kan, lẹ́yìn náà méjì, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí owó ti yí. Òótọ́ ni pé ẹ lè má jókòó pọ̀ o.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Tí báńkì bá yọ owó tí tíkẹ́ẹ̀tì ò jáde ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má tíì san ẹlẹ́ẹ̀kejì! Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń di ìjókòó mú fún yín. Bí OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí báńkì fi ń ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó lè sanwó, bá pẹ́, àyè yẹn á ti lọ kí owó tó wọlé. Ẹ wo ímeèlì, títí kan àpótí pàǹtírí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo inú àkáǹtì yín lórí ìkànnì náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìsanwó náà, òun lẹ máa fi bèèrè owó yín. Orúkọ àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀, ẹ ti kọ wọ́n síbì kan ṣáájú, kẹ́ ẹ má bàa máa wá wọn kiri nígbà tí aago ń sáré.

Olùbéèrè: Tí ọjọ́ ìrìn àjò bá yí dà?

Baba Àgbà: Èyí tó pọ́ọ́kú jù kì í sábà ṣeé dá padà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà kẹ́ ẹ yí i, ẹ máa san owó ìyípadà, ẹ ó tún fi ìyàtọ̀ owó tọjọ́ tuntun kún un. Bí ọjọ́ yín ò bá dá yín lójú, ẹ ra èyí tó ṣeé dá padà.