Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ èjìká màmá mi

Ẹ kú àdúrótì o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: èjìká òsì màmá mi ni mo béèrè nípa rẹ̀, tí wọn ò lè fi ọwọ́ náà di gèlè mọ́, tí ìrora ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn lóru.

Dókítà ní èjìká ló gan. Bó ṣe dá a mọ̀ wú mi lórí. Ó ní kí wọ́n tẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí wọ́n yí ọwọ́ síta, kò lọ. Òun fúnra rẹ̀ bá wọn yí i, síbẹ̀ kò lọ. Ká ní iṣan ló ya ni, ó ṣeé ṣe kóun rí i yí. X-ray ò fi nǹkan kan hàn.

Ó wá ní ká yẹ ṣúgà wọn wò, torí èjìká gígan wọ́pọ̀ lára àwọn alátọ̀gbẹ. Àṣé àtọ̀gbẹ wà lára wọn!

Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń dín wíwú kù, sínú oríkèé (ó lè gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ), wọ́n sì ń lọ ṣe físíò, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń tọ́jú oríkèé. Wọ́n ti ń sùn. Kó tó tú tán lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká lọ bá ẹni tó ń to eegun, ẹ ṣeun, àmọ́ kò sí eegun tó yẹ̀. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.