Ṣé kí n sọ pé iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ fi bímọ?

Ìyá Àyọ̀, Ìkòròdú: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 34, mi ò róorun sùn mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ bí Àyọ̀, láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń rọbí, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló tó jáde. Omi ara mi ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n ṣáà máa tì. Ọmọ ò ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ike bo imú rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti pé ọdún 4, ọrùn rẹ̀ ò tíì dúró, ṣùgbọ́n tí mo bá pè é, á rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fẹnu ara mi pe ọ̀bẹ, pé màá bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù. Mo ń ṣe àmín, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Kì í ṣe gbogbo ìpalára ọpọlọ ọmọ tuntun ló ń ti ìrọbí wá. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun tó le, tí wọn ò tètè tọ́jú, náà lè fà á. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú omi aláwọ̀ ewé yẹn, ó yẹ kí etí ẹnì kan ti wà níbi ọkàn ọmọ. Ìgbà 110 sí 160 ló yẹ kó máa lù ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ti ń tì, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún la ń gbọ́ ọ. Tó bá lọ sílẹ̀ tí kò gòkè padà, ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn má dé ọpọlọ ọmọ tó. Tí orí ọmọ bá ti wálẹ̀ tán nígbà náà, ẹ̀rọ tí a fi ń fa orí lè yá ju iṣẹ́ abẹ lọ. Tó bá ṣì wà lókè, iṣẹ́ abẹ ni. Èyí tí a bá dá ọjọ́ fún, a máa ń fẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 39, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó dáadáa. Ó ní ewu tiẹ̀ fún yín: ẹ̀jẹ̀ dídà, àti àpá ilé ọmọ fún oyún mìíràn. Ẹ kó ìwé ìbí Àyọ̀ lọ fún dókítà, kí ẹ jọ pinnu. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ìrọbí yá nílé o! Ó lè fún ilé ọmọ pọ̀ débi pé ọmọ ò ní rí èémí mí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú: aago méjì òru, ta ló wà nílẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ abẹ? Níbi táwa kọ́kọ́ lọ, dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Ọjọ́ta ni. A kó ẹrù wa kúrò.

Ìyá Àyọ̀, Ìkòròdú: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí ìwé náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àyọ̀ dì í mú, itọ́ rẹ̀ ti rin etí kan. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ọkọ mi ń lọ.