Abẹ́rẹ́ HPV: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gún ọmọ mi, ìwé inú páálí ní ẹ̀ẹ̀mejì

Màmá Tèní: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n gún ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ní sùkúù wọn n'Íbàdàn, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní ó ti parí nìyẹn. Mo wá dé ọsibítù aládàáni kan, wọ́n fi ìwé inú páálí Gardasil, orúkọ abẹ́rẹ́ náà, hàn mí, ẹ̀ẹ̀mejì ló wà níbẹ̀ fún ọdún 9 sí 13, wọ́n ní kí n mówó ìkejì wá. Ṣé ààbọ̀ ni wọ́n fún ọmọ mi ni?

Ìyá Ìbejì: Naijá yìí kẹ̀? Wọ́n ń ṣọ́wó ná ni jàre. Ohun tí ẹni tó ṣe oògùn bá kọ ni kẹ́ẹ tẹ̀lé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ rọra o Ìyá Ìbejì. Ohun tó wà nínú páálí, iye tí kọ́ńpìnnì dán wò tó kó lọ fún àwọn bíi NAFDAC pé kí wọ́n fọwọ́ sí ni, tí kọ́ńpìnnì ò bá padà lọ ní kí wọ́n yí i, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní tiwọn ń wo gbogbo ìwádìí tó tún jáde lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní Kenya, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gún àwọn ọmọbìnrin yẹn, lẹ́yìn oṣù 18 ó dènà HPV 16 àti 18, oríṣi méjì tó ń fa jẹjẹrẹ yìí jù, dé 97.5%. Lọ́dún 2022 ni WHO wá ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tí ìlú bá mú fún ọmọ 9 sí 14 ti tó, Naijá mú ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní October 2023. Owó náà wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́, èyí tí ọmọ kan ì bá gbà lẹ́ẹ̀mejì á kárí ọmọ méjì.

Aunty London: Ẹ̀ẹ̀kan náà ni níbí láti September 2023, ẹ̀ẹ̀mejì ni tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin mi náà gbà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ pamọ́: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, tí ọmọ bá ń lo oògùn HIV ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Tìyẹn yàtọ̀ gan-an mà. WHO ní kò gbọdọ̀ dín sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dáa jù tó bá ṣeé ṣe. Ẹ sọ fún wọn ní clinic tó ti ń gba oògùn, wọn ò lè mọ̀ ní sùkúù.

Màmá Tèní: Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá wá san ìkejì yẹn, ṣé kò ní pa á lára?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Rárá o, kò léwu, ó ṣáà wà nínú ìwé wọn. Kò kàn pọndandan ni. Ẹ má sọ káàdì tí wọ́n fún un nù ṣá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fowó yẹn ra ìwé fún un jàre 😂