Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Románíà, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi kan bi mí pé báwo ni Románíà ṣe rí fún ẹni tó wá ṣiṣẹ́, mo fẹ́ dá a lóhùn ní gbólóhùn méjì, kò ṣeé ṣe, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí ẹ̀yin tó kù náà fi tiyín kún un. Bucharest ni mo wà, ọdún kẹta rèé, iṣẹ́ ká máa dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù ni mò ń ṣe.

Ká tètè sọ ti owó kúrò ńlẹ̀. Lọ́dún 2025, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 4,050 lei (lei ni wọ́n ń pe owó wọn níbí), kí wọ́n tó yọ owó orí àtàwọn ìyókù nìyẹn o, èyí tó ń dọ́wọ́ èèyàn ò ju 2,500 àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ yúrò kan ń lọ sí bíi lei márùn-ún. Ẹ bèèrè tichete de masă kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì, owó oúnjẹ ni, orí káàdì ni wọ́n ń san án sí, oúnjẹ nìkan lẹ lè fi rà, òun ló máa ń gbà mí tí oṣù bá ti ń parí lọ.

Ìwé ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín ló máa kọ́kọ́ bá yín gba àṣẹ iṣẹ́, ìyẹn lẹ máa fi gba físà, tẹ́ ẹ bá dé tán lẹ ó wá lọ gba ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní permis de ședere. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, inú ọ̀rá ni mo kó ìwé mi sí, gbogbo ẹ̀ pé, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ò tiẹ̀ wo inú ẹ̀, ó ní "dosar cu șină". Mo rò pé ìwé kan ló kù. Àṣé fáìlì ni, fáìlì páálí pẹlẹbẹ tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, wọ́n á dá ihò sára ìwé, wọ́n á fi kọ́ irin yẹn, wọ́n á wá tẹ orí irin náà bọlẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kí n tó rà á dé wọ́n ti tilẹ̀kùn, mo tún lọ tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí n tó lè padà síbẹ̀. Mo ní mẹ́rin nílé báyìí, tẹ́nikẹ́ni bá ń bọ̀ kó wá mú ọ̀kan.

Ìkíni gan-an ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, mo rò pé wọn ò fẹ́ wa ni. Ilé tí mò ń gbé, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba Kọ́múníìsì ni, alájà mẹ́wàá, lífìtì ẹ̀ kékeré, ẹni mẹ́ta á fún ara wọn mọ́ inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín sí ẹ, èmi náà á fajú ro. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló wá là mí lójú pé èdè wọn náà ní "o" àti "ẹ". Tu ni fún ẹgbẹ́ ẹni, dumneavoastră ni fún àgbà àti ẹni téèyàn ò mọ̀. Ara mi bù máṣọ. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń kọ́ èdè lórí fóònù tí mo sì ń fi kí àwọn àgbà ilé yẹn, tu ni mò ń lò, ìyẹn ni pé mò ń wí fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún pé "ṣé o jí dáadáa". Ó tún ní tí mo bá pàdé ìyá àgbà, kí n ní "sărut mâna", ìyẹn ni pé mo fẹnu ko ọwọ́ yín.

Màmá kan wà ní àjà kẹta. Mo pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹrí ba díẹ̀ bó ṣe mọ́ mi lára, mo ní "sărut mâna". Màmá gbé ẹrù ọjà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí títí, ó wá ní "mulțumesc, mamă", ìyẹn ni pé o ṣé, màmá. Mo padà lọ bi ẹni tó kọ́ mi pé kí ló dé tó pe èmi ọkùnrin ní màmá, ó ní bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ọmọ nìyẹn, ìyá á máa pe ọmọ ẹ̀ ní mamă, bàbá á máa pè é ní tată. Ìyá tèmi n'Íbàdàn, "bàbá mi" ló ń pè mí látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pè é lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó di 8 March tó jẹ́ ọjọ́ àwọn obìnrin, gbogbo ọkùnrin ló ń gbé òdòdó káàkiri, mo ra tulip mẹ́fà fún màmá. Ó gbà á, ó ń fọwọ́ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ yí padà. Ó fa ọ̀kan yọ, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó rọra ṣàlàyé pé èyí tó bá pé méjì méjì, òkú ni wọ́n ń gbé e lọ fún. Àṣé ọkọ ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tó kú. Ó dùn mí wọra. Mo fi ọ̀kan yẹn sínú kọ́ọ̀pù lójú fèrèsé mi títí tó fi rẹ̀ dànù. September tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń sun tàtàṣé ní gbogbo àdúgbò tí òórùn ẹ̀ gba ojú pópó bíi pé èèyàn wà nílé, màmá kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé zacuscă ìgò méjì wá, tàtàṣé sísun àti ìgbá tí wọ́n sè nínú òróró títí tó fi jinná wọra. Mo fi rodo sí tèmi.

Ará Constanța:

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Létí Òkun Dúdú lèmi wà, wẹ́dà ni mí níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìjọ Orthodox ló kún ìlú yìí, mo ti gbà lọ́kàn mi pé èmi nìkan ni màá máa kírun nínú yàrá. Jímọ̀ kan tí mo ráyè jáde, oúnjẹ ni mò ń wá lọ, bí mo ṣe gbójú sókè, ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ni mo rí. Wọ́n parí ẹ̀ ní 1913, orúkọ Ọba Carol Kìíní ló ń jẹ́. Àwọn Tátárì àti Túúkì ti wà ní agbègbè Dobrogea yìí tipẹ́tipẹ́, ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ti Ada Kaleh wá, erékùṣù kan nínú odò Danube, omi ti bo gbogbo ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti sé odò yẹn nítorí iná mànàmáná. Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn màmá Tátárì fún wa ní șuberec, ẹran lílọ̀ nínú fúláwà tí wọ́n dín, ó gbóná, òróró ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ọdún tó ṣáájú, búrẹ́dì lásán ni mo fi ṣọdún.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ajẹ́ńtì tó mú wa wá. Ó gba pásípọ́ọ̀tù wa, ó ní òun ń bá wa tọ́jú ẹ̀. Ẹ má gbà o! Àwa mẹ́fà sọ fún un pé a ń lọ fẹjọ́ sùn ní Inspecția Muncii, àwọn ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọjọ́ kejì ló kó o jáde.

Ará Cluj:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ò gùn. Ẹ rí i pé onílé gbà láti forúkọ kọ́ńtíráàtì ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn owó orí kẹ́ ẹ tó sanwó fún un, wọ́n máa bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà ìwé ìgbélùú. Onílé mi àkọ́kọ́ kọ̀, mo kó ẹrù jáde nínú yìnyín. Ti atẹ́gùn náà wà níbẹ̀: nínú July, ooru fẹ́ pa wá nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣí fèrèsé, ìyá kan dìde tì í, ó ní "curent", pé atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ gba ara ẹni kọjá ló ń fa etí ríro. Ìyá mi àgbà náà kì í jẹ́ ká sùn sójú atẹ́gùn, mo rọra jókòó mi. Ẹ̀gbọ́n Bucharest, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń rí èlùbọ́?

Ará Bucharest:

Mi ò rí i rà lọ́jà o, ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ ló ń gbé e wá fún mi. Tèmi ṣì kù díẹ̀, fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, màá pín in sí méjì.