Ìlàjà kì í ṣe ìdájọ́, ẹni tó ń náwó sí i kì í sì í ṣe onígbọ̀wọ́

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi dábàá pé tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ bá ń náwó kí aráàdúgbò lè yanjú aáwọ̀ láìdé kóòtù, ká máa pè é ní "ìgbọ̀wọ́ ìdájọ́ àdúgbò". Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àdúgbò nìkan ni mo gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdájọ́ ná. Ẹni tó bá dájọ́ ti sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi. Ní Citizens' Mediation Centre tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ohun tí wọn kì í ṣe gan-an nìyẹn. Onílé àti ayálégbé á jókòó, òṣìṣẹ́ á wà láàárín wọn, á máa bi wọ́n léèrè. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá wọ̀, wọ́n á jọ tọwọ́ bọ̀wé. Tí kò bá wọ̀, kò sẹ́ni tó máa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ wá kọ "ìdájọ́" sára pátákó irú ilé bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ayálégbé tó jẹ gbèsè tó máa yọjú síbẹ̀!

Ìlàjà ni tèmi. Ẹnìkan ní ìlàjà ò ju ká la ẹni méjì tó wọ̀yá ìjà. Òótọ́ ni, látinú "là" àti "ìjà" ló ti wá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kúrò lórí ẹ̀ṣẹ́: onígbàgbọ́ ń pe Jésù ní onílàjà láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó rò pé wọ́n ń gbá ara wọn létí. Alárinà ńkọ́? Ìyàwó gbígbé ti gbà á lọ. Ti "ìpẹ̀tù-sáàwọ̀" táwọn oníròyìn fẹ́ràn, ó dùn létí, àmọ́ ẹni tó pẹ̀tù sí nǹkan lè kàn tù ú lójú ni, kí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ìgbọ̀wọ́ ló wá léwu jù. Rédíò ti sọ ọ́ di ẹni tó ń sanwó ètò, mo mọ̀. Ẹ bi ẹni tó bá ti yáwó rí léèrè: onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń mú tí ajigbèsè bá sá lọ. Ẹ wá sọ fún ẹni méjì tó ń jà lórí gbèsè pé ìlàjà yìí ní onígbọ̀wọ́. Ohun tí olówó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Níbo ló wà, kó wá san án?" Ọ̀fẹ́ sì ni ti Èkó yẹn o, ìjọba ló ń gbé ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, "ìnáwó sí ìlàjà àdúgbò" ni mo máa kọ sínú ìwé ìṣúná. Lára pátákó, màá kàn kọ ọ́ báyìí: "Ìjọba ló ń náwó sí i, ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni Multi-Door Courthouse, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ní oríṣiríṣi ọ̀nà téèyàn lè gbà yanjú aáwọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2002. "Kóòtù onílẹ̀kùn púpọ̀" ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó dà bí ilé tí olè máa fẹ́ràn. Ta ló ní èyí tó sàn jù?